Ìkíni Lórí Àwọ̀n Irin

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni òjìjí pa Jayéọlá, àárọ̀ yẹn gan-an sì ni iná tàn jù lọ nílùú Òkè-Ọ̀sà. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ń jóná lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fò sókè nígboro, tí wọ́n ń pariwo pé, "Iná dé o! Iná dé!" Àwọn ìyá wọn náà ń rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé. Ta ni ì bá sọ fún wọn?

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ náà yé yín kí inú tó bí mi jù. Nígbà tí òkun gba ilẹ̀ àtijọ́, àwọn tó ṣẹ́kù kọ́ ìlú sórí ọ̀sà, wọ́n sì pè é ní Òkè-Ọ̀sà. Epo ti tán láyé, kùrukùru sì ti bo ojú oòrùn, ni wọ́n bá gbójú lé òjìjí. Ẹ ṣáà mọ òjìjí, ẹja odò tó máa ń gbọn èèyàn lọ́wọ́ nù téèyàn bá fọwọ́ kàn án. Àwọn onímọ̀ mú un, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pò, wọ́n sọ ọ́ di ẹran ńlá tó gùn ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Inú adágún kan ni wọ́n ti ń sìn ín, wọ́n sì tẹ́ àwọ̀n irin sójú omi. Bí àwọn abọ́ja, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fún ẹja lóúnjẹ, bá gbé òkú ẹlẹ́dẹ̀ sórí àwọ̀n náà, irin á sọ fún òjìjí pé ẹran ti dé. Yóò kọ́kọ́ fi iná díẹ̀ tọ́ ẹran náà wò. Ìtọ́wò ni wọ́n ń pe ìyẹn, ohun tó bá sì wà láàyè tí ìtọ́wò bá mú kò ní lè mira mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹja á yọ gbogbo agbára rẹ̀, irin á gba iná náà, Àjọ Iná á pín in fún gbogbo ilé. Òjìjí á wá fò jáde létí àwọ̀n, á fa oúnjẹ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ẹni tó bá wọ bàtà rọ́bà, tó sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò séwu fún un. Rọ́bà kì í jẹ́ kí irin mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àmọ́ Jayéọlá, tó jẹ́ ọ̀dọ́ abọ́ja, kò dúró. Ó rí Baba Ṣóbándé, olórí àwọn abọ́ja, tó ń bọ̀ lórí àwọ̀n, ó sì ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, sà." Kò lè dìde mọ́. Wọ́n ń wò ó báyìí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, eyín rẹ̀ ti dì pọ̀ gírígírí. Nígbà tí ẹja yọ agbára, aṣọ gbiná lára rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n rí sin.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí já lé léjìká, òun náà ni Fadérera. Obìnrin tó ni àga ètò òṣìṣẹ́ ní Àjọ Iná ti lọ bímọ, wọ́n sì gba Fadérera síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Adelé ni wọ́n ń pè é. Orúkọ onítọ̀hún ṣì wà lára ilẹ̀kùn, sálúbàtà rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, Fadérera a sì máa rọra fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó jókòó. Bí ó ṣe ń wá àga yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti dúró ni wọ́n ń fún nílé lókè. Adelé àti ẹbí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, níbi tí omi ti máa ń wọlé báni lórí ẹní. Ẹbí tí Fadérera sì ní kò ju Fọlárìn àbúrò rẹ̀ lọ. Òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Òun ló fi ọrẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, òun náà ló sì fà á wọ iṣẹ́ abọ́ja. Ẹ rántí ìyẹn.

Wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀mọ̀wé Ìyíọlá, ẹni tó tún ẹ̀jẹ̀ òjìjí pò, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kò sóhun tó le níbẹ̀. Ẹ fòfin de ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ lórí àwọ̀n. Kí wọ́n máa dúró kí ara wọn."

Baba Ṣóbándé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Kí wọ́n dúró kí mi? Kí ọmọ tí mo lè bí bàbá rẹ̀ lọ́mọ máa dúró gbọọrọ níwájú mi? Ọ̀mọ̀wé, orí àwọ̀n yẹn ni mo dàgbà sí. À ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, nǹkan kan ò ṣe wá, àfìgbà tẹ́ ẹ ní iná ò tó yín, tẹ́ ẹ tún bù kún agbára ẹja. Ẹ ti sọ ẹja di apààyàn, ẹ tún wá fẹ́ sọ ọmọ mi di aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

"Baba, ṣé ẹ̀kọ́ ló máa jí Jayéọlá?"

"Má dárúkọ ọmọ yẹn!" Baba fi ọwọ́ lu tábìlì, ife omi dà nù. "Èmi ni mo gbé ohun tó kù lára rẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀. O ò sí níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè wólẹ̀ fún mi kò ní gbọ́ràn nígbà tí mo bá pariwo pé kó sá. Ẹ ṣòfin yẹn, kí gbogbo àwa abọ́ja jókòó sílé, ká wo ẹni tó máa tan iná fún yín."

Ni gbogbo ojú bá yí sí Fadérera, nítorí àga ètò òṣìṣẹ́ ló ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá àgbà Àjọ Iná ti pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti sọ ọ́ fún un gbangba pé bí abọ́ja bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ìlú sì ṣókùnkùn, kó yáa di ẹrù rẹ̀. Fadérera kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má bú u fún mi. Ẹ̀rù ló bà á. Ó mú kálámù, ó kọ ọ́ pé kí oníkálukú máa kí àgbà lórí àwọ̀n bí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Baba Ṣóbándé mi orí pé ó dára. Ọ̀mọ̀wé Ìyíọlá pòṣé, ó jáde, kò sì bá wọn dá sí i mọ́.

Ìròyìn ti dé etí Fọlárìn kí Fadérera tó délé. Ó dúró ságbede méjì yàrá, omi dé e ní kókósẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìwọ rí. Fadérera rò pé òun ṣì í gbọ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀! Ẹ̀gbẹ́ mi ni Jayéọlá dúró sí. Mo gbọ́ òórùn ẹran ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ní kó o sọ, o ò lè sọ ọ́, torí àga!"

Fadérera gbá a létí. Ó tún gbá a. Ó ń gbá a lọ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ nímú ọmọkùnrin náà, Fọlárìn kò sì gbé ọwọ́ sókè láti dí ojú. Èyí tó dun Fadérera jù ni pé òótọ́ lọmọ náà sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀.

"Títí tó o fi máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja bẹ̀ mí, má pè mí lẹ́gbọ̀ọ́n mọ́. Ṣé o gbọ́? Má pè mí lẹ́gbọ̀ọ́n!"

"Mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi," ni Fọlárìn wí. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ ń sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà Àjọ Iná, oníkálukú á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fadérera á dé ọ́fíìsì, á ti sálúbàtà olóhun sẹ́gbẹ̀ẹ́, á jókòó, á máa sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Baba Ṣóbándé gòkè sórí àwọ̀n, àwọn abọ́ja tó dàgbà tẹ̀ lé e. Fọlárìn àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn to ara wọn sójú kan, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wí pé, "Ẹ káàsán, Baba," wọ́n sì dúró síbẹ̀ ṣinṣin.

Kúsimọ́, igbákejì Baba, géńdé kan tó máa ń dá gbé ẹlẹ́dẹ̀, ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó di Fọlárìn lọ́rùn mú, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wólẹ̀. Ọ̀dọ́ kan fi ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń wọ́ òkú ẹran gbá a léjìká, egungun dún. Háà, ìjà wá dé! Ìkọ́ ń bá ìkọ́ pàdé, wọ́n ń fi igi lu ara wọn lórí, wọ́n ń ti ara wọn mọ́ ọ̀pá irin. Wọ́n la orí ọmọkùnrin kan, ó gbá ọ̀pá mú kó má baà ṣubú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń kán gba ojú àwọ̀n bọ́ sínú omi. Nísàlẹ̀, òjìjí bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Omi ru. Gbogbo wọn rí i, kò sẹ́ni tó fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀.

Fadérera rí wọn láti ojú fèrèsé. Eré ló sá débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ju bàtà rọ́bà sí i, ó kì í bọ ẹsẹ̀, ó já wọ àárín wọn. Ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan yọ, kò mọ̀. Ohun tó rí kò ju ọrùn Fọlárìn lọ, lábẹ́ ọwọ́ Kúsimọ́, tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àyà ọmọ náà kù díẹ̀ kó kan irin.

"Baba!" Ó di aṣọ Baba Ṣóbándé mú. "Baba, ẹ ní kó fi í sílẹ̀! Ẹ ṣàánú mi, òun nìkan ni mo ní!"

Kí ó tó mọ̀, eékún rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré ni, pé wọn kì í dúró bẹ àgbà. Eékún méjèèjì lórí irin tútù, láìsí rọ́bà.

Ìtọ́wò mú un. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ògiri, àmọ́ gbogbo ara rẹ̀ ló gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ Baba, ahọ́n rẹ̀ gan, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì ń yí. Omi wú lẹ́bàá ibi tó kúnlẹ̀ sí. Baba fà á, kò lè gbé e nílẹ̀. Àwọn tó ń jà sá, Kúsimọ́ náà sá. Ọrùn Fọlárìn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo omi. Ó mọ ohun tí gbogbo abọ́ja mọ̀, pé ibi tí ẹran bá ti pọ̀ jù lórí irin ni òjìjí ń lọ. Kò sá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Ìpẹ̀kun àwọ̀n lọ́hùn-ún ló sá lọ. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó bọ́ bàtà rọ́bà sọnù, ó kọjú sí Fadérera.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ló pariwo. "Mo dọ̀bálẹ̀ o! Ẹ má bínú!"

Ó sì nà gbalaja, àyà lórí irin, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Omi yí pa dà. Ara Fadérera tú lẹ́ẹ̀kan náà, Baba Ṣóbándé sì gbé e dìde kúrò nílẹ̀, ó fà á mọ́ àyà kó má baà wò. Ṣùgbọ́n ó wò. Ó rí i tí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ká sókè, tó tún bọ́ sílẹ̀. Ó rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Ó rí orí dúdú ńlá tó yọ létí àwọ̀n, ẹnu tó là, ẹsẹ̀ méjì tó ń lọ. Lẹ́yìn náà omi pa dé. Gbogbo ilé Òkè-Ọ̀sà mọ́lẹ̀ rekete lọ́sàn-án gangan, ariwo ayọ̀ sì sọ láti ìgboro. "Iná dé o! Iná dé!"

"Ẹ ní kí wọ́n dákẹ́," ni Fadérera ń wí. "Baba, ẹ ní kí wọ́n dákẹ́." Kò sẹ́ni tó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi wá sọ fún un pé ìyá ọmọ tuntun kò pa dà wá mọ́, àga ti di tirẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ kan lára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ orúkọ mìíràn. Wọ́n fún un nílé lókè, yàrá méjì, ilẹ̀ gbígbẹ. Wọ́n kó sálúbàtà lọ fún ẹni tó ni ín. Bàtà rọ́bà Fọlárìn, èyí tó bọ́ sọnù lórí àwọ̀n, ló wà lábẹ́ tábìlì báyìí, òun nìkan sì ni wọ́n rí. Iṣẹ́ tí Fadérera kọ́kọ́ ṣe ni pé ó kọ òfin náà: kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sí ìkúnlẹ̀ lórí àwọ̀n. Àwọn abọ́ja kò jókòó sílé. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ ráhùn.

Baba Ṣóbándé wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì òfin náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà. Bàbá arúgbó náà rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ kan, eékún kan, títí ó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ wa.

"Ẹ dìde, Baba," ni Fadérera wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ ìpàdé nìyẹn, pé kí gbogbo yín máa dúró kí ara yín."

Baba gbìyànjú, kò lè dìde. Fadérera bá dìde lórí àga, ó wá kì í lábíyá, wọ́n jọ di ara wọn mú nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sunkún.