Ìdí Tí Sọ̀fíyátù Fi Dúró Nígbà Tí Fèrè Dún

Níbi ìdánrawò fún ìdíje eré sísá, fèrè dún lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìbàfò, gbogbo eléré bẹ́ sí eré. Sọ̀fíyátù nìkan ló dúró gbọin síbi tó wà.

Làwọn òǹwòran bá bú sẹ́rìn-ín. "Dìndìnrìn lèyí o!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà! Òótọ́ ni pé ọpọlọ Sọ̀fíyátù kì í tètè gba nǹkan, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di.

Sùlèímọ́nù, bàbá rẹ̀, tó ń tún bọ́dì ọkọ̀ ṣe ní Asese, fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Sọ̀fí, ṣó o ti rí i báyìí? Tí wọ́n bá tún fi ọmọ yìí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ ìdíje, kò ní jáde nílé mọ́ nìyẹn."

Kóòṣì Stella gbọ́. Ó wá kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ má bínú, sà. Mọ́mì, mo rí i pé ẹnu yín ló ń wò. Kí lẹ máa ń sọ fún un kó tó gbéra?"

Ìyá ronú díẹ̀. "Títì márosẹ̀ ló wà níwájú ilé wa. Mo ti kọ́ ọ pé tí mi ò bá tíì sọ pé 'ó yá', kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kò gọ̀ rárá, ẹ̀kọ́ yín ló ń tẹ̀lé. Fèrè wa ni kò yé e. Àwa la máa yí tiwa padà. Àmọ́ orí pápá nìkan ni o. Ní títì, ẹnu yín náà ni kó máa wò."

Wọ́n fi í sínú eré tí ẹnì kan ti ń fa ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́. Delight, ọmọbìnrin kan láti Mọ́wé tí kò ní irú ìpèníjà yìí, ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń fi dánra wò títí ó fi mọ́ Sọ̀fíyátù lára.

Ọjọ́ ìdíje pé ní Ìfọ̀. Sùlèímọ́nù dúró lẹ́yìn èrò, ó lejú koko. Delight sáré dé, ó fa ọ̀pá lé e lọ́wọ́.

"Sọ̀fí, ó yá!"

Háà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Sọ̀fíyátù ki eré mọ́lẹ̀, ó já ẹni tó wà níwájú sílẹ̀, ó tún já òmíràn, òun ló kọ́kọ́ dé ìlà ìparí. Ariwo sọ. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí wà láàárín èrò, inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

Obìnrin kan bèèrè pé, "Bọ̀dá, ọmọ ta lèyẹn?"

Sùlèímọ́nù lu àyà. "Èmi ni mo bí i! Èmi gan-an!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò tilẹ̀ nù ún.

Ẹ̀yin òbí, ọpọlọ tí kò tètè gba nǹkan kì í ṣe èpè, kì í sì í ràn. Ẹ mú ọmọ yín wá síbi eré ìdárayá, kí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ṣe é. Ẹ sọ fún kóòṣì bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ nílé. Ẹ̀yin kóòṣì, bí ọ̀nà kan kò bá yé e, ẹ wá òmíràn. Ẹ̀yin òǹwòran, ẹ yé bú ọmọ ọlọ́mọ.

Ká ní Sùlèímọ́nù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ ni, ta ni ì bá máa lu àyà lórí pápá?