Ilẹ̀kùn Tó Dákẹ́

Ọkùnrin náà ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú ilé iṣẹ́, ó ń tì í, ó tún ń ṣí i, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà ní dídì. Ó ga, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó sì gbé etí sún mọ́ pákó ilẹ̀kùn náà bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń pè ní Lọ́yà dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó gbàgbé pé iṣẹ́ lòun ń lọ.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà dára. Àmọ́ kì í ṣe ẹwà nìkan ló dá Lọ́yà dúró. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe agbẹjọ́rò fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ilẹ̀kùn yìí, ó sì ti rí oríṣiríṣi oníbàárà níwájú ilẹ̀kùn: àwọn tó ń gbá a, àwọn tó ń wọ̀n ọ́n, àwọn tó ń fi èékánná ha ọ̀dà rẹ̀ wò. Kò tíì rí ẹni tó ń tẹ́tí sí i rí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé ó ti dá yín lóhùn?"

Ọkùnrin náà lajú, ó rí i, ojú sì tì í. "Rárá. Ó jọ pé mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Ẹ rọra bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn wa kì í di èèyàn sínú."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì di ilẹ̀kùn mú fún un kó lè kọjá. Lọ́yà ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ kó tó rántí pé òun kò bi í léèrè ohun tó bá wá. Nígbà tó sáré jáde, ọkùnrin náà ti lọ. Ó sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Ilẹ̀kùn nínú ọkàn rẹ̀, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹjọ́ mẹ́ta ló wà lọ́rùn ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Aládùúgbò kan pè wọ́n lẹ́jọ́ nítorí ariwo ayùn. Oníbàárà kan pè wọ́n nítorí ilẹ̀kùn tó wú lásìkò òjò tí kò ṣeé ṣí mọ́. Méjèèjì yìí kò ba Lọ́yà lẹ́rù rárá. Ẹ̀kẹta ni kì í jẹ́ kó sùn. Màmá Onílé, opó tó yá wọn ní ilé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ní wọ́n ti da àdéhùn. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé bí àwọn ṣe bá ilé náà làwọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀, pé àwọn kò ní yí ohunkóhun padà láìgba àṣẹ. Màmá ní wọ́n ti yí i padà, kí wọ́n kó jáde. Bí adájọ́ bá sì dá Màmá láre, kò síbi tí wọn yóò kó àwọn ẹ̀rọ ńláńlá yẹn lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò túká, ilé iṣẹ́ yóò sì parẹ́.

Adájọ́ pàṣẹ pé kí ìhà kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, kí àwọn méjèèjì jọ yẹ ilé náà wò láti yàrá dé yàrá. Ilé iṣẹ́ yan Lọ́yà, Màmá yan ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ayàwòrán ilé. Lọ́jọ́ tó máa wá, Lọ́yà ti fajú ro sílẹ̀ dè é, ó ti múra ìjà. Ìgbà tí yóò gbójú sókè, ta ló rí? Ọ̀gbẹ́ni Ilẹ̀kùn ni.

"Ẹ̀yin lọmọ onílé?"

"Ẹ̀yin ni lọ́yà tí Màmá mi ní kò lójú àánú?"

"Èmi náà ni. Ẹ kú àbọ̀."

Ilé tí èèyàn lè yẹ̀ wò tán lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wọ́n. Bí ọkùnrin náà bá tọ́ka sí ibi tó sán lára ògiri, Lọ́yà á ní ó ti sán kí àwọn tó dé. Bí Lọ́yà bá yin fèrèsé, òun náà á ní kí àwọn tún un wọ̀n, ó lè jẹ́ pé ó ti dàgbà látàná. Ó ń fi ibi tó gbé ṣeré lọ́mọdé hàn án. Yàrá tí wọ́n ń to pákó sí yìí, yàrá rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa wọlé, àmọ́ bó bá ti fẹ́ wọlé báyìí, gbogbo ilé á ti máa sáré. Ó ṣì kéré nígbà tí bàbá náà kú, tí Màmá kó wọn kúrò nínú ilé náà.

Lọ́yà bi í léèrè ohun tí Màmá ń bínú sí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá ń sọ: ilẹ̀kùn iwájú. Ọkùnrin náà gbọn orí. Ó ní Màmá kò yé sọ pé, "Ilẹ̀kùn mi kọ́ nìyẹn," pé kí òun lọ ṣí i kí òun gbọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi dúró tì í láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé. Ilẹ̀kùn àtijọ́ náà ni, kò sì ní àbùkù kankan. Òun mọ̀ pé nǹkan kan kù, ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tó jẹ́.

Lórí àtẹ̀gùn ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, láìsí ẹni tó tọrọ ààyè. Nínú yàrá pákó, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, tí kò sí fèrèsé tó kù láti wọ̀n mọ́, ọkùnrin náà ká téèpù rẹ̀, ó tún tú u, ó tún ká a.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún lọ́yà tó ń bá ìyá ẹni ṣẹjọ́."

"Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni," Lọ́yà dáhùn. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì débi pé ó rò pé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ọ̀gbẹ́ni Ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá jẹ́wọ́ fún."

Ẹ ò rí i, olóòótọ́ èèyàn ni àwọn méjèèjì, wọn kò fẹ́ ìfẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Kálukú lọ sọ fún àwọn tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Màmá Onílé ní òun kò ní aya ọmọ kankan nínú àwọn tó ba ilẹ̀kùn òun jẹ́. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, tó ti ń gbẹ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó bí Lọ́yà, kò bínú, ṣùgbọ́n ó wò ó títí. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ṣé wàá ṣì jà fún wa?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Lọ́yà lára. Ó búra pé òun yóò jà, ó sì jà ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ó pe Màmá síwájú, ó rọra bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi oyin pa ẹnu ọ̀bẹ. Ṣé ilẹ̀kùn náà já? Rárá. Ṣé ó wọ́? Rárá. Ṣé ó dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ? Màmá tún gèlè rẹ̀ wé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wá ṣe ilẹ̀kùn náà?"

Màmá la ẹnu, ó wo adájọ́, ó wo àwọn èrò tó jókòó, ó sì pa ẹnu dé. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn yòókù gbè é. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, gbogbo èèyàn sì mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí Lọ́yà yíjú, ó rí ọkùnrin náà tó di ìyá rẹ̀ lápá mú, tó ń mú un jáde. Kò wo ibi tí Lọ́yà wà. Lọ́yà pè é lórí fóònù títí, kò gbé e.

Ọ̀gá àtàwọn òṣìṣẹ́ ń yọ̀ pé àwọn ti borí. Lọ́yà kò lè bá wọn yọ̀. Ojú Màmá kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí ó ti rí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí tí kò ní ìdáhùn, Màmá kò sì jọ wọ́n. Màmá ní ìdáhùn. Ojú ló ń tì í láti sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé iwájú ilé iṣẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó di ojú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó tún ṣí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un ṣe. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ bù máṣọ, ó sì sáré wọlé lọ bá Ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ.

"Ọ̀gá, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gba ilé yìí, ṣé ilẹ̀kùn iwájú máa ń ké?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Kó ké? Ó ń ké bí àgùntàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ tún ṣe nìyẹn, kí a tó gbé àpótí kan wọlé. Mo tú hínjì rẹ̀ kúrò, mo fi tuntun sí i, mo fi gíríìsì sí i. Lọ́yà wa, onílẹ̀kùn ni mí. Ṣé ilẹ̀kùn á máa ké, kí n máa wò ó?"

Lọ́yà jókòó sórí pákó. Ó ṣàlàyé fún un nípa awakọ̀ ojú irin tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa wọlé, àti ìyàwó tó ń gbọ́ ilẹ̀kùn kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ọ̀gá. Ó bọ́ fìlà, ó sì fi nu ojú, ó ní eruku pákó ni.

Nígbà tí Lọ́yà wá ní kó jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà máa ké padà, Ọ̀gá fò sókè. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó ní kí òun ba ilẹ̀kùn jẹ́ rí. Ta ló máa ra ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹni tí tiẹ̀ ń ké? Lọ́yà ní wọn yóò bèèrè, kó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, wọn yóò ra méjì. Ọ̀gá kùn, ó kùn, ó wá lọ tú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Onílẹ̀kùn gidi kì í ju irin nù. Hínjì àtijọ́ náà wà níbẹ̀, wọ́n ti dípẹtà.

Lọ́yà fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà: "Mo ti mọ ohun tó kù. Ó ń ké tẹ́lẹ̀." Kò pẹ́ rárá tó fi dé, ó ń mí hẹlẹ. Ó dúró síwájú Lọ́yà.

"Bàbá mi máa ń rọra ṣí i," ó ní. "Ó máa ń ké gùn. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?"

"Ọmọdé ni ọ́. Dárí jì mí, olólùfẹ́ mi. Mo fi Màmá ṣe ẹlẹ́yà níwájú èrò."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó dé ibi tí mo páàkì sí."

Ẹ wá wo iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá de hínjì àtijọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ké bí ológbò. Ọkùnrin náà ní rárá, ó tínrín jù. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó dákẹ́ pátá. Wọ́n tú ìṣó, wọ́n fún un, wọ́n gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ wá dúró yí wọn ká, kálukú ń dá sí i, Ọ̀gá ń láàgùn, ó ń ṣépè fún irin. Lójijì, ilẹ̀kùn náà fa ohùn kan jáde, ó wúwo, ó gùn, ó rọra lọ sílẹ̀ ní ìparí. Ọkùnrin náà di ọwọ́ Lọ́yà mú, ẹnikẹ́ni kò tún bèèrè bóyá òun nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni ọkùnrin náà mú Màmá wá. Kò sọ ìdí fún un. Màmá fajú ro bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó kọjá lára Lọ́yà láìkí i, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ṣí i.

Ilẹ̀kùn náà ké.

Màmá dúró. Ó tì í padà, ó tún ṣí i, díẹ̀díẹ̀ báyìí, bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Omijé ń dà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí Lọ́yà.

"Ìwọ lo bi mí pé kí ló ṣe ilẹ̀kùn mi."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ níwájú adájọ́? Pé igbe ilẹ̀kùn ni mo ṣe pẹjọ́? Wọn ì bá gbé mi lọ sílé ìwòsàn." Ó nu ojú rẹ̀. "Àmọ́ o ò sinmi títí o fi gbọ́ ohun tí mi ò lè sọ. Wá ńbí, aya ọmọ mi."

Màmá fa ẹjọ́ rẹ̀ yọ, wọ́n sì ṣe àdéhùn tuntun. Lọ́yà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì fi ìlà kan sí i tí ẹ kò lè rí nínú àdéhùn ilé mìíràn: ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí gíríìsì tàbí òróró kan hínjì ilẹ̀kùn iwájú láéláé. Ọ̀gá fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lọ́yà jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń bá ẹjọ́ ariwo ayùn jà, ni ilẹ̀kùn bá ké, ó rọra, ó sì gùn. Kò gbójú sókè kó tó máa rẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà," ni ọkùnrin náà wí láti ẹnu ọ̀nà, "mo fẹ́ bá ọ ṣe àdéhùn kan tí kò ní ọjọ́ ìparí."

"Ta ni yóò máa ṣàtúnṣe nǹkan tó bá bàjẹ́?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Mo gbà. Máa bọ̀ wá fọwọ́ sí i," ó ní, ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ sí i.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, Ọ̀gá ní òun yóò fi ilẹ̀kùn tó dára jù lọ láyé ta wọ́n lọ́rẹ fún ilé tuntun wọn. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbẹ́ ẹ, ó fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi ń dán. Ó wá dúró níwájú ìyàwó, ó húkọ́.

"Lọ́yà wa, ṣé kó dákẹ́ ni, tàbí kó ké?"

"Kó ké, sà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó sì tẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì lọ wá irin tó ti dípẹtà.