Ihò Tí Télọ̀ Gé Gbẹ̀yìn

Kò sí ohunkóhun nínú àpótí náà, síbẹ̀ ó wúwo. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fu Télọ̀ lára nìyẹn. Ó gbé e sókè, ó mì í, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tọ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi òórùn sìgá, irú sìgá gbọọrọ tó nípọn bí àtàǹpàkò, tí Bàbá Òkè, àgbà tó ń gbé lókè ilé wọn, máa ń fà kó tó kú. Ó ní bóyá igi rẹ̀ ló wúwo. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá irú àpótí bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́ bá a wá àléébù.

Màmá Òkè, opó bàbá náà, ló gbé e sọ̀kalẹ̀ wá fún un ní ọ̀sán Sátidé. Ó ti fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e jìnnà sí ara bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná.

"Mo gbọ́ pé ò ń wá àpótí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, àfi bíi pé ẹnì kan ń sùn nítòsí. "Gbà. Ṣé wàá lu ihò sí i?"

"Ẹ ṣé gan-an ni, Mà. Ihò wà níbẹ̀ o, ó wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọ."

"Tètè lu ú," ni ìyá àgbà náà wí, ó sì gun àtẹ̀gùn padà láìwẹ̀yìn.

Nítorí Ẹ̀gà ni gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin Télọ̀ kan ṣoṣo ni, ọmọ ọdún méje, tí àwọn ará ilé fi orúkọ ẹyẹ aláriwo yẹn pè nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń kọrin tó bá ń wẹ̀, ó ń kọrin tó bá ń jẹun, kódà tí wọ́n bá bá a wí, orin ló fi ń sunkún. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun nìkan ni yóò dúró kọrin níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti fọkàn sí i pé òun á di yukulélé mú, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin tó rí lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan. Kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rímú mí.

"Èmi tí mò ń rán kóòtù," Télọ̀ ní, "kí ló wà nínú àpótí àti igi?"

Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀, ká má parọ́. Kò di ayùn mú rí láyé rẹ̀. Odidi ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló fi rẹ́ igi kan ṣoṣo tó fẹ́ fi ṣe ọrùn gìtá náà, nígbà tó sì parí, ọrùn wọ́ sápá kan. Ẹ̀gà ní ó jọ ọrùn ẹni tó sùn gbòdì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ilé náà dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó kan lílẹ̀. Ìwé tó fi ń kọ́ iṣẹ́ náà sọ ọ́ kedere, ó tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀: kọ́kọ́ gé ihò róbótó sí ojú ìdérí, kí o tó lẹ ìdérí mọ́ àpótí. Télọ̀ kà á. Ó kàn rò pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọṣẹ́ ni. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ, kò sì sí ẹ̀wù tó gé ihò bọ́tìnnì rẹ̀ rí kó tó rán an tán. Ihò ló máa ń gbẹ̀yìn, kí aṣọ má baà fà. Ojú aṣọ ló fi wo àpótí, ó sì pinnu pé òun á lẹ̀ ẹ́ ná, òun á gé ihò nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí.

Ó fi gọ́ọ̀mù pa etí àpótí yí ká. Bó ti yíjú láti wá ayọ́ọ̀nù ńlá tó fẹ́ gbé lé e lórí kó lè dì, Ẹ̀gà ti tẹ̀ ba, ó ti ki ẹnu bọ inú rẹ̀.

"Àpótí, ṣé o ń gbọ́ mi?" Ó wá kọ orin tó fẹ́ kọ ní Ẹtì: "Mo sáṣọ, òjò dé, mo káṣọ, oòrùn yọ." Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ń dán. "Màámi, ó dáhùn."

"Kí ló ní?"

"Ó ní kí n tún un kọ. Kí n sún mọ́ ọn dáadáa."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé ìdérí bọ̀. "Gbé ẹnu kúrò níbẹ̀ kí n má lẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọn."

Ẹ̀gà ṣì ń kọrin nígbà tí ìdérí balẹ̀. Orin náà já lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí òwú bá já lójú abẹ́rẹ́. Ọmọ náà fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ohùn Ẹ̀gà ha. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wúyẹ́wúyẹ́ ló kù. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó la ẹnu, ọrùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ètè rẹ̀ ń pe "Màámi", ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan. Télọ̀ gbé e pọ̀n, bó ti dàgbà tó, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì tan iná sí ọ̀fun ọmọ náà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ọ̀fun rẹ̀ mọ́ tónítóní, Mà. Mi ò rí egbò, kò sì wú." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló ń fa sìgá nílé yín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Òórùn rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ẹ̀gà jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún láìdún. Télọ̀ kò mọ ohun tó lè fi tù ú nínú, ló bá gbé gìtá náà. Ìdérí ti dì pa, ọrùn ti wà ní àyè rẹ̀, èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé, okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò ló kù. Ó so wọ́n, ó fún wọn le, ó sì fi ìka ta ti àkọ́kọ́. Àpótí tí kò ní ihò kò yẹ kó dún ju tábìlì tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ.

"Mo sáṣọ," ni àpótí náà wí.

Ohùn Ẹ̀gà ni, kékeré, jíjìnnà, bí ẹni tó wà nínú kànga. Télọ̀ kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ta èkejì. "Òjò dé." Ó ta ẹ̀kẹta. "Màámi, ibí ṣókùnkùn." Ìka rẹ̀ fara kan ẹ̀kẹrin, ìyẹn sì wúkọ́: ikọ́ àgbà ọkùnrin, tó ń ti ìsàlẹ̀ àyà bọ̀, ikọ́ ẹni tó ń tún ọ̀fun ṣe kó lè sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi gbọ́ ikọ́ yẹn láti òkè. Ẹ̀gà sá wọ abẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

Télọ̀ gun àtẹ̀gùn tòun ti gìtá náà lọ́wọ́. Màmá Òkè kò ṣílẹ̀kùn ju ìwọ̀n ojú rẹ̀ lọ. Nígbà tó rí i pé kò sí ihò kankan lára àpótí náà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o ò lu ú ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọkọ mi ni." Ó mí kanlẹ̀. "Nígbà tí àìsàn ń jẹ ọ̀fun ẹ̀ lọ, láràárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sínú àpótí yẹn, á sì yáa dé e. Ó ní ọ̀fun òun ló ń kú, ohùn òun ò ní bá a lọ. Ó ní ohùn tí ò bá rí ọ̀fun wọ̀, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ, kì í sì í padà mọ́. Ó kú láìlè pe orúkọ mi, àmọ́ mò ń gbọ́ ọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mi ò lè sun ún. Mi ò lè dà á nù. Mo ní tó o bá lu ihò sí i, á jáde, á máa lọ ní tiẹ̀."

"Ohùn ọmọ mi wà níbẹ̀, Mà."

Ìyá àgbà náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Télọ̀ kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti sáré dé ìsàlẹ̀ nígbà tí Màmá Òkè pariwo nǹkan kan tẹ̀lé e, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbé ohùn sókè láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ Télọ̀ létí. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó fa Ẹ̀gà jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e jókòó, ó sì gbé àpótí náà sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ ló tún fi wò ó: ara ẹni tó ni aṣọ ni wọ́n ti ń wọn aṣọ. Kí ohùn má ṣìnà, kó bọ́ sí ọ̀fun ọmọ tààrà.

"La ẹnu, ọmọ mi. Kò ní pẹ́ tán."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó sí ojú ìdérí. Ó fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí gún un, ó sì ń fi ọ̀bẹ gé e yí ká. Ọ̀bẹ yọ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde ní àtàǹpàkò rẹ̀, kò wò ó. Igi náà já wọnú.

Èémí gbígbóná kan tú jáde tòun ti òórùn sìgá. Àyà Ẹ̀gà wú. Ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó lọ sódò, bí ẹni tó gbé nǹkan tó tóbi jù mì. Ó wúkọ́, ikọ́ gígùn.

"O ṣé, Télọ̀," ni ọmọ náà wí.

Ohùn àgbà ọkùnrin ni, ó nípọn, kò yára. Ojú nìkan ló ṣì jẹ́ ti Ẹ̀gà: ó là sílẹ̀, omijé ń dà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú pinpin.

"Pe ìyàwó mi kó sọ̀kalẹ̀ wá. Ó ti pẹ́ tá a ti jọ sọ̀rọ̀."

Lókè, kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ń wọ́ nǹkan tó wúwo lọ dí ẹnu ọ̀nà.

Télọ̀ fa ọmọ náà mọ́ra. Nígbà náà ló gbọ́ ohùn kékeré yẹn nínú àpótí, ó ti sún mọ́ ihò: "Màámi? Mo rí ìmọ́lẹ̀. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà. Ìgbà yẹn gan-an ni ohun tí Màmá Òkè pariwo wá yé e: "Gbé ọmọ jìnnà! Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ló ni ọ̀fun tó bá rí!" Ọ̀fun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Ẹ̀gà ti ní ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wọlé lójú fèrèsé.

"Má bọ̀ o," ó wí sí àpótí náà wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣe sùúrù, ọmọ mi. Dúró síbẹ̀ ná."

Ọjọ́ Ẹtì dé, ó kọjá. Àwọn tó ní aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ kanlẹ̀kùn, wọ́n kàn án sú, wọ́n lọ. Ọwọ́ kan ló fi ń bọ́ ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń sunkún, tó sì ń fi ohùn Bàbá Òkè béèrè ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ kejì kò kúrò lórí ihò. Ó rò ó pé kí òun fi aṣọ dí i, ṣùgbọ́n láàárín kí ọwọ́ kúrò àti kí aṣọ dé, ìṣẹ́jú àáyá kan wà, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ kó ṣe é. Ohun tó fi mọ̀ pé ọmọ òun ṣì wà níbẹ̀ ni èémí kékeré tó ń kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tó ń gbóná, tó ń tutù, tó tún ń gbóná.

Láàárọ̀ yìí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná.