Ojú tí Kámẹ́rà Rí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òpó

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní ìrònú opó. N kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Arámọkọ ló ti ṣẹlẹ̀, oòrùn kò sì tíì wọ̀ tán nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, orí wọn pé. Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni n ó ṣe sọ ọ́, n kò ní fi iyọ̀ kún un.

Fẹ́yìsetán Ògúnlàdé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Adó ló ti ṣiṣẹ́ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó padà sínú ilé tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ní ọ̀nà Ìjerò. Ilé náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ níwájú, òpó sìmẹ́ǹtì sì tò síbẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé e. Tóbi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ó bí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì fi í ṣe akọ̀wé, wọ́n ní òun náà ni yóò máa ya fọ́tò ìpàdé. Fóònù tirẹ̀ ń pe ènìyàn, ó sì ń tan iná. Kò mọ nǹkan mìíràn í ṣe. Ni Tóbi bá ra kámẹ́rà kékeré kan ránṣẹ́ sí i, èyí tí kò wọ́n, tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó pupa bí ata rodo.

"Mọ́mì, kò le rárá," Tóbi wí lórí fóònù. "Ẹ kàn kọjú rẹ̀ sí èèyàn. Bó bá ti rí ojú, á fi àmì onígun mẹ́rin yẹ́lò yí ojú náà ká. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

"Bí kò bá rí ojú ńkọ́?"

"Kò ní yí nǹkan kan ká nìyẹn. Ibì kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí. Bẹ́ ẹ bá tẹ ibẹ̀, kò ní dúró dè yín. Ẹ̀rín ló máa dúró dè. Ẹni tó dojú kọ bá ti rẹ́rìn-ín, á yà á fúnra rẹ̀."

Kò le lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tísà wa rí màbo. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, ó gé orí alága ẹgbẹ́ kúrò nínú fọ́tò, ó sì ya àtàǹpàkò ara rẹ̀ ní àyàtúnyà. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá wa dá orí alága padà o." Ojú tì í. Nítorí ìyẹn ló ṣe di ẹni tó ń jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń fi ohun gbogbo kọ́ṣẹ́: kòkó tí aládùúgbò sá, ewúrẹ́ tó fẹ́ jí i jẹ, ọlọ́kadà tó ń sáré lọ sí Ìpotì.

Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kọjú kámẹ́rà sí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ ya oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Onígun mẹ́rin yẹ́lò yọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀.

Fẹ́yìsetán gbé kámẹ́rà sílẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ wò. Òpó. Àtẹ̀gùn. Eruku ọyẹ́. Ó tún gbé kámẹ́rà sókè. Onígun mẹ́rin náà ṣì wà níbẹ̀. Ó sún díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá yí orí padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wo fọ́tò náà, òpó nìkan ló wà nínú rẹ̀.

"Òjìji ni, Mọ́mì," Tóbi wí nígbà tó pè é lórí fóònù. "Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ni. Ó lè rí ojú lára ògiri."

"Ṣé ògiri a máa yí orí?"

Tóbi rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Kò sì sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ fún un.

Kí Tóbi tó gbọ́n, ọmọbìnrin kan wà. Olúwafẹ́rànmí lorúkọ rẹ̀, Àbẹ̀ní ni ìyá rẹ̀ ń kì í. Òpó yẹn ló máa ń fara tì nírọ̀lẹ́, tó ń retí kí ìyá rẹ̀ ti ilé ìwé dé. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ibà mú un nígbà ọyẹ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n sì gbé e padà. Fẹ́yìsetán kò rí ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àwọn ọkùnrin mú ṣọ́bìrì, wọ́n lọ, wọ́n dé, wọ́n fọ ọwọ́. "Omi ló dà nù," ni wọ́n sọ fún un, "agbè ò fọ́." Dorcas, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, wọ yàrá. Ó kó aṣọ ọmọ, ó kó bàtà, ó kó gbogbo fọ́tò, ó sì sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti pe Fẹ́yìsetán ní Ìyá Fẹ́rànmí mọ́. Ìyá Tóbi ni wọ́n ń pè é. Tóbi wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà, kò tíì lè rìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí Adó, ọ̀rọ̀ náà sì parí.

Wọn kò fi ìkà ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ìyá má baà bá ọmọ lọ. Fẹ́yìsetán sì gbọ́ràn ju bí wọ́n ṣe rán an lọ. Kò pe orúkọ náà mọ́, kódà nínú àdúrà. Ọdún ń gorí ọdún. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá ojú ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i. Ó rántí ohùn. Ó rántí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń gbóná. Ojú ti lọ, kò sì sí fọ́tò tí yóò fi wá a. Èyí dùn ún ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ká ní ó lè rí ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kò tún ní tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run mọ́.

Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, òun àti kámẹ́rà rẹ̀ a ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń kọjú rẹ̀ sí, níbi tí orí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò dé. Kì í rí nǹkan kan níbẹ̀. Òkè ni onígun mẹ́rin ń yọ sí, níbi tí orí òun fúnra rẹ̀ ì bá dé bó bá fara ti òpó. Ó rò pé àlejò mìíràn ni. Ẹ̀rù bà á. Ọjọ́ kan, ibi tó ti ń bẹ iṣu ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹ́rànmí kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ́. Ó ti dàgbà. Ó ń dàgbà lọ́hùn-ún bí Tóbi ṣe ń dàgbà níhìn-ín.

Dorcas yà wá kí i. Ọ̀pá ló fi ń rìn ní báyìí. Ó bá a lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń ya òpó.

"Ìyá Tóbi, kí lò ń yà lójú afẹ́fẹ́?"

Fẹ́yìsetán na kámẹ́rà sí i. Dorcas wò ó. Onígun mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìyá arúgbó náà yára dá a padà.

"Yọ bátìrì ẹ̀."

"Àǹtí, ẹ ò fi fọ́tò kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ọ̀kan péré?"

"Mo sun ún tán. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Mo mọ̀, mà."

"Yọ bátìrì ẹ̀, kó o wọ ulé. Ẹni tó bá ti lọ, tó wá ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, kì í dúró lásán."

"Kò pè mí, Àǹtí. Ó kàn ń wò mí ni."

Dorcas kò jókòó mọ́. Nígbà tó dé àtẹ̀gùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan, ó fà mọ́ ògiri. "Àgò o," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kọjá lára èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́yìsetán tẹ ibi tí wọ́n ya ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ó gbé kámẹ́rà sórí àpótí, ó dojú rẹ̀ kọ òpó, òun náà sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó rò ó pé bí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà yóò mú un. Onígun mẹ́rin yọ. Ewúrẹ́ dákẹ́. Ọ̀nà dá. Ìlú tó ń pariwo láti àárọ̀ wá pa lọ́lọ́, ó ń gbọ́ bí èémí ṣe ń wọ inú imú rẹ̀.

Kámẹ́rà kò dún.

Ó kọ orin tí wọ́n fi ń to àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé. Kò dún. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí, pé wọn kò sọ fún òun, pé òun ì bá ti wá. Kò dún. Onígun mẹ́rin kò kúrò, kò sún. Ó ku ohun kan tí kò tíì ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Orúkọ náà ti pẹ́ níbẹ̀ jù.

"Àbẹ̀ní."

Kámẹ́rà dún. Iná rẹ̀ kọ yẹ̀rì lára òpó.

Ó gbé e wò. Kì í ṣe òpó ló wà nínú fọ́tò náà. Obìnrin kan ni. Láti ẹ̀gbẹ́ òpó ni wọ́n ti yà á. Ó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ó wọ búláòsì funfun àti ìró àdìrẹ, ó di ṣùkú, ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á, bí ẹni tó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀. Fẹ́yìsetán wò ó pẹ́ títí kó tó mọ̀ pé òun ni. Ìró yẹn ti ya dànù tipẹ́. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìró náà rí.

Ó sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún tí wọn kò jẹ́ kó sun nígbà tí ó yẹ kó sun ún. Ó ti ń wá ojú ọmọ rẹ̀ kiri nínú ọkàn ara rẹ̀. Ọmọ kò sọ ojú ìyá rẹ̀ nù.

Láti ìgbà náà, bó bá ti pe Àbẹ̀ní, kámẹ́rà a dún. Obìnrin yẹn náà ni yóò wà nínú fọ́tò: ó ń bọ̀ láti ọ̀nà, ó ń yan iṣu, ó ń di irun ẹnì kan tí a kò rí. Ọmọ náà kò hàn níbẹ̀ rí. Fẹ́yìsetán ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń sùn pẹ̀lú ìrètí náà.

Tóbi dé láti Ìbàdàn fún ọdún tuntun. Ó yọ mẹ́mórì kámẹ́rà, ó fi sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó lè kó fọ́tò ìpàdé jáde fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin rèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi rèé lẹ́yìn yín. Wọn ò tíì máa ṣe irú kámẹ́rà yìí nígbà náà." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ló ya ìwọ̀nyí?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n wo?"

Ó bá sọ fún un. Ó sọ orúkọ, ó sọ òpó, ó sọ ibà, ó sọ iná tí Dorcas dá. Nígbà tó parí, Tóbi dá mẹ́mórì padà sínú kámẹ́rà, ó sì jáde sọ́dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Tóbi gbé kámẹ́rà sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè: onígun mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

Ó gbé kámẹ́rà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú òpó, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi."

Fẹ́yìsetán kò pe orúkọ kankan. Kò tẹ nǹkan kan. Kámẹ́rà dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò lè wò ó. Ó dì í mọ́ àyà, ojú rẹ̀ wà lára òpó, níbi tí kò sí nǹkan kan. Òkùnkùn ti ń bọ̀. Eruku ọyẹ́ ń balẹ̀ sẹ́yìn ọmọ rẹ̀.

"Tóbi, dìde," ó wí.

Tóbi kò gbé orí sókè. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kí, Mọ́mì."

Kò dìde. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dìde.