Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Fà Kọjá Omi

"Ta lò ń wọn sàréè fún?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Edelmira bá Nolberto sọ nìyẹn. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó sì rí ọkùnrin kan tó ń fa okùn ìwọnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé wọn nínú òjò.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Sàréè kọ́, arábìnrin. Ilẹ̀ ni mo ń wọ̀n. Ẹni tó ni ín ti tà á."

"Àwa tí à ń gbé orí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n tà wá mọ́ ọn ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà kò gba ẹ̀rín. Ó ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó ta ilé wọn. Ilé pákó náà, tiwọn ni. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé.

Òjò ń pa á bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì sá. Àánú rẹ̀ ṣe Edelmira, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ọkùnrin náà tó mu tíì rẹ̀ tán, ohun tó wà lọ́kàn Edelmira kì í ṣe àánú mọ́.

Ọmọ Chiloé ni Nolberto, ọmọ erékùṣù tí wọ́n ń gbé náà gan-an, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn olówó olú-ìlú ń ra etí omi láti fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Àdúgbò tí Nolberto bá ti gbé okùn rẹ̀ wọ̀, kì í pẹ́ dahoro. Ní òpópónà Edelmira, fèrèsé tí iná ń tàn nínú rẹ̀ ń dín kù bí eyín arúgbó.

Síbẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ọjọ́ Àìkú ni Nolberto máa ń wá la igi ìdáná fún un. Edelmira á jókòó lórí ìdì igi, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ ọ́fíìsì ló ní.

"Mira mi," Nolberto á ní, "ọwọ́ yìí náà ló máa gbé ọ wọlé."

"Ilé wo?"

Nolberto á tún gbé àáké sókè, á la igi mìíràn.

Bàbá Heriberto, bàbá Edelmira, kò fi èrò tirẹ̀ pamọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ni wọ́n jọ kan gbogbo pákó ilé náà. "Ẹni tó ń ta ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ di àna mi? Kó wá fi ibi tí màá gbé àga sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó hàn mí."

Nolberto dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ìyá mi àgbà fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní òdìkejì omi. Ẹ jẹ́ ká fa ilé yín lọ síbẹ̀."

Bàbá wo omi títí. "Bí ilé mi bá gúnlẹ̀ sí òdìkejì, wá mú ọmọ mi."

Ní Chiloé, ẹni tó bá ń kó kúrò lè kó ilé rẹ̀ dání. Wọ́n á ki igi bọ abẹ́ rẹ̀, màlúù á fà á dé etíkun, omi kíkún á gbé e, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké á sì fi okùn fà á kọjá. Mínga ni wọ́n ń pè é. Owó kì í wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni yóò ti ojúlé dé ojúlé, yóò ṣí fìlà, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ kì í kọ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á bọ́ gbogbo èèyàn yó.

"Ṣé o ti bẹ̀ wọ́n?" Edelmira bi í.

"Mo ti bẹ̀ wọ́n, ààyò mi. Gbogbo wọn."

Ṣùgbọ́n ní ọjà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé náà. Edelmira kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń wo ilẹ̀. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Kò bi Nolberto mọ́, nítorí ẹ̀rù èsì ń bà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi máa kún jù, Bàbá dáná sínú ààrò. Ó ní ilé òun kò gbọdọ̀ fi òtútù wọ ilẹ̀ tuntun. Nígbà tó jáde, kò rí màlúù kankan, kò rí aládùúgbò kankan. Àwọn àjèjì ló rí, àti katakata kan, àti ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo.

"Àwọn wo nìyí?"

"Mo háyà wọn ni, Bàbá," Nolberto ní.

Edelmira yíjú sí i. "O ní o bẹ̀ wọ́n."

"Mo dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Clorinda, ilé àkọ́kọ́ ní òpópónà yín. Mo gbọ́wọ́ sókè kí n kanlẹ̀kùn. Mo wá rántí pé èmi ni mo ta oko pòtétò rẹ̀. Ojú tì mí, Mira."

"Ọ̀gá," olórí àwọn àjèjì náà ké, "omi ò ní dúró dè yín o."

Wọ́n fà á. Ilé náà sọ̀kalẹ̀, ó léfòó, èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀, ọkọ̀ kan kò sì tó ó. Ní àárín omi, omi yípadà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fà padà. Ilé náà rọra kọ ojú sí agbami.

Edelmira sáré lu ilẹ̀kùn Ìyá Clorinda. "Ìyá, mo bẹ̀ yín."

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó bẹ̀ mí." Arúgbó náà ti ń wọ bàtà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Pe àwọn tó kù."

Gbogbo òpópónà ló jáde. Wọ́n ti ọkọ̀ kéékèèké sómi, Nolberto wà nínú ọ̀kan, ó ń wakọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Wọ́n so okùn, ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ àwọn náà lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá náà. Bàbá Heriberto ló kígbe láti etíkun pé kí wọ́n gé gbogbo okùn. Wọ́n gé e. Èéfín ni wọ́n rí gbẹ̀yìn.

"Ká ní a ti wà níbẹ̀ nígbà tí omi ń kún..." Ìyá Clorinda bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn tó kù.

Nolberto jókòó sórí òkúta, omi ń ro lára rẹ̀. Edelmira dúró níwájú rẹ̀.

"Mira, a lè kọ́ òmíràn. Màá bẹ̀ wọ́n báyìí, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Nolberto. Bí mo bá ní n kò fẹ́ràn rẹ, mo purọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń sọ pé o ti ṣe nǹkan, màá máa dìde lọ wò ó lójú fèrèsé bóyá òótọ́ ni. N kò lè fi gbogbo ayé mi dìde."

Ilé Ìyá Clorinda ni wọ́n ti jẹun, nítorí ẹni tó bá fa okùn kò gbọdọ̀ febi lọ. Edelmira ló ń bu oúnjẹ. Ó yọ àwo kan sọ́tọ̀, ó kó pòtétò sínú rẹ̀, ó ṣa ẹran tó dára jù lé e lórí, ó fi aṣọ bò ó kó má tutù.

Ó gbé e fún Ìyá Clorinda. "Ẹ bá mi gbé e fún Nolberto létí omi."

"Ìwọ ńkọ́?"

Edelmira yípadà sí ìkòkò, ó bu ti bàbá rẹ̀.