Iṣẹ́ Tí Màmá Ọmọ́lẹ́wà Ń Fi Pamọ́

Màmá Ọmọ́lẹ́wà ti dìde láti jẹ́rìí, ó ti tún ìborí funfun orí rẹ̀ ṣe, gbogbo ìjọ ti dákẹ́ láti gbọ́ ọ, ni Màmá Ìbíwùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, bá fà á láṣọ láti ẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ojú ìyá náà yí padà. Ó wo igun tí Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún, dúró sí, níbi tó ti ń fi fóònù gbé ìsìn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣẹ́wọ́ sí i pé kó pa á.

Ọmọ́lẹ́wà fi àtàǹpàkò bo ojú kámẹ́rà. Kí ni ọmọ ì bá tún ṣe? Ẹ̀rí tí ìyá rẹ̀ ti ń múra rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá di gbólóhùn méjì péré: "Ọlọ́run ṣe é fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́." Ó jókòó. Àwọn ará ìjọ ṣe àmín, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó. Ó ti lé lógún ọdún tí ìyá yìí ti ń gbé London, ìwé rẹ̀ sì pé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń bá a san owó ilé wọn ní àdúgbò Thames View. Ní báyìí, ó ti rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní ilé ìtajà ńlá Vicarage Field. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dá ẹ̀rín padà sí i lẹ́nu, ó sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò dúpẹ́ níwájú ìjọ. Màmá Ìbíwùmí ló wá kì í nílọ̀ pé bí kánsù bá rí fídíò náà, wọn yóò dá owó ilé dúró pátápátá, torí ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún ènìyàn di ẹrù olè nìyẹn o.

Nígbà tí Ọmọ́lẹ́wà fi ọ̀rọ̀ náà lọ Ìbíwùmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ilé ìwé, ṣe ni ìyẹn yọ ṣùtì.

"Allow it, fi sílẹ̀ jàre. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é. Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé yín síta ni?"

Ẹ̀rù ba Ọmọ́lẹ́wà. Ó mọ ọmọ kíláàsì wọn kan tí wọ́n lé jáde nílé, tí wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá kan ṣoṣo ní ìlú tó jìnnà. Òun náà bá panu mọ́.

Ṣùgbọ́n ilé wọn kò rójú mọ́. Màmá kì í kọrin mọ́ nídìí ìsebẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi ọjọ́ kan kún iṣẹ́ rẹ̀, Màmá kọ̀ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kíá, Màmá pa iná, ó fa Ọmọ́lẹ́wà mọ́ra, àwọn méjèèjì sì lúgọ sẹ́yìn àga. Ẹni tó gbé ẹrù ará ilé kejì wá ni. Ìgbà tó lọ, Màmá kò dìde, kò sì jẹ́ kí Ọmọ́lẹ́wà tan iná. Àánú rẹ̀ ṣe Ọmọ́lẹ́wà débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Màámi, ẹ ò jalè," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn. Màá bá yín lọ."

"Bí wọ́n bá wá gba ilé ńkọ́?"

"A ò tíì bi wọ́n léèrè, mà. Ẹnu Màmá Ìbíwùmí nìkan la ti gbọ́ ọ."

Wọ́n lọ. Òṣìṣẹ́ tó dá wọn lóhùn ní ọ́fíìsì kánsù ní Barking béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti iye tó ń wọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá là á yé wọn pé ìrànwọ́ náà wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tí owó rẹ̀ kò tó, kí onítọ̀hún ṣáà tètè sọ ọ́ ni. Tiwọn yóò dín kù díẹ̀, kánsù yóò sì máa rọra yọ èyí tí wọ́n ti gbà lé kúrò nínú rẹ̀. Ó ní ká ní wọ́n fi pamọ́ pẹ́ ni, ì bá di gbèsè ńlá àti ẹjọ́. Màmá tún bi í bóyá wọ́n ṣì lè máa gbé ilé náà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló fẹ́ lé wọn?

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá di irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Ara tù ú. Ó ní òun á gba ọjọ́ tí ọ̀gá fẹ́ fi kún un, bí òun bá sì ti gbà á, òun á padà wá sọ. Lẹ́yìn náà ló pe Màmá Ìbíwùmí, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láì fi ọ̀kan pe méjì.

Ohùn Màmá Ìbíwùmí wá rẹlẹ̀. "Ó ti tó ọdún kan tí èmi náà ti ń fi iṣẹ́ tèmi pamọ́. N kì í sùn. Ta ni yóò bá mi dé ibẹ̀?"

Ọmọ́lẹ́wà gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Àwa ni, mà. Ẹ múra, à ń bọ̀ wá mú yín."

Ti Màmá Ìbíwùmí yóò ṣòro ju tiwọn lọ, ó sì dájú pé gbèsè ń bẹ nílẹ̀ tí yóò san. Ṣùgbọ́n bó bá tún di àmọ́dún, yóò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ẹ̀rù bá ń ba àwọn òbí yín, ẹ má ṣe bá wọn lúgọ. Ẹ bá wọn lọ béèrè.