Oyin Inú Ìdérí Ike

Ikọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú rẹ̀.

Ìsìn ìkórè ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ọ́wọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì dé láti Kàdúná ni, ìyàwó mi sì ti di olóògbé. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, kẹ́kẹ́ pa, ni obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ikọ́ náà kò gbọ́. Ó dìde, ó jáde. Mo ra omi inú ọ̀rá, mo tẹ̀ lé e.

"Ẹ ṣeun, sà," ó wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà. "Àbí ìwàásù lẹ̀yin náà ń sá fún?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi ti lọ.

Abigail lorúkọ rẹ̀. Opó ni, gàrí ló ń dín ládùúgbò Ìdàsẹn. Láti kékeré ló ti ń jókòó ti agbada, tí èéfín igi ń wọ̀ ọ́ nímú. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe ikọ́ ife, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Èéfín ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n bó bá kúrò nídìí iná igi, tó sì ń fi ẹnu fa oògùn rẹ̀, ara yóò rọ̀ ọ́.

"Wá sílé mi," mo wí fún un. "Gáàsì ni mo fi ń dáná."

"Ṣé nítorí gáàsì ni kí n ṣe fẹ́ yín?"

"Èmi ni kí o fẹ́, ààyò mi. Gáàsì kàn bá mi wá ni."

Ẹ̀gbọ́n mi Jemimah, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, kò gbà. "Múyìwá, o ti sin ìyàwó kan. Ṣé o tún fẹ́ gbé ikọ́ wọlé ni?" Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún un títí ẹnu fi bó mi. Níkẹyìn ó ní kí n mú un wá, kí ẹbí rí i. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ náà, Abigail wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Àbúrò rẹ̀, Boniface, ló sìn ín wá. Àdúrà lọ dáadáa. Wọ́n gbé abọ́ oyin jáde. Nílé wa, abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹbí fi ń tọ́ oyin wò, ìyàwó la sì ń kọ́kọ́ gbé e fún. Ẹni tó bá ti tìka bọ̀ ọ́ ti di tiwa.

Abọ́ náà kọjá Abigail. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìdérí ike kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ó ti bu oyin sínú rẹ̀.

"Tìrẹ rèé, ìyàwó wa. Má bínú, nítorí àwọn ọmọdé ni."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?" Mo nawọ́ sí ìdérí náà, kí n lè tọ́ ọ wò pẹ̀lú rẹ̀. Abigail gbé e kúrò níwájú mi. Ó tọ́ ọ wò, ó lá ìka rẹ̀ mọ́. Ikọ́ bá dé. Ó wú u títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í sún àga.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Oyin náà dùn."

Mo bá a níta, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Fi wọ́n sílẹ̀. Èmi àti ìwọ ti tó."

"Bàbá Gbọ́lá, mo mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n n ò lè máa pa ikọ́ mọ́ra nílé ọkọ títí n ó fi kú. Nídìí agbada mi, mo lè wú u bó ṣe wù mí."

Ó padà sínú èéfín. Mo bẹ̀ ẹ́, mo rán ènìyàn sí i, ó kọ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ mi Gbọ́lá mú mi wá sílùú òyìnbó. Ọjọ́ Ìsinmi lèmi àti Abigail máa ń pe ara wa. Bí ikọ́ bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, n ó dákẹ́ dè é.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, ààyò."

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Boniface ló gbé fóònù Abigail. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. "Múyìwá, ṣé o rí i báyìí? Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Mo pa fóònù.

Mo máa ń gbé ike omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níbí. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo ti máa ń dìde kí n tó rántí.